Ààlè Tí Ọwọ́ Méjì So

Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Mo mọ wákàtí náà dájú nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fóònù mi bóyá wọ́n ti dá mi lóhùn lórí iṣẹ́ kan tí mo kọ̀wé sí, wọn kò sì tíì dá mi lóhùn. Bí mo ṣe gbé ojú kúrò lára fóònù, mọ́tò funfun kan tí àmì ìjọba wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ yà kúrò lójú títì, ó ń rọra bọ̀ lórí iyanrìn síhà ọ̀dọ̀ wa. Bàbá àgbà wà lábẹ́ igi àgbọn, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Kò gbé orí sókè.

"Bí wọ́n bá ṣìnà," ó ní, "júwe ọ̀nà Gbaji fún wọn. Bí wọn ò bá ṣìnà, gbé àga wá."

Wọn kò ṣìnà.

Abúlé wa wà létí ọ̀sà, kò jìnnà sí Ajido. Ègùn ni wá nílé bàbá mi, Dàgbó ni a sì ń pe bàbá àgbà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilé Ègùn ṣe máa ń ṣe. Ìyá mi ní tirẹ̀ jẹ́ Àwórì láti Morogbo. Ó gbọ́ Ègùn dáadáa, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí i, Yorùbá ló máa ń sọ, ó ní kí ọ̀rọ̀ má baà tán lẹ́nu òun. Bàbá mi ti kú nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwa mẹ́ta ló kù nílé: Dàgbó, ìyá mi àti èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tí mo ń dúró de iṣẹ́.

Obìnrin ni ọ̀gá àwọn tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò náà. Ó wọ bàtà rọ́bà tó ga dé orókún, ó sì kúnlẹ̀ nínú bàtà náà kí Dàgbó. N kò rí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí lágbègbè wa. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èèyàn burúkú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa obìnrin náà títí di òní, n kò rí ọ̀kan tó fi hàn pé ó parọ́ fún wa.

Ohun tó bá wá kò ṣòro láti lóye. Odò kékeré tó ń ṣàn kọjá lẹ́yìn abúlé wa lọ sínú ọ̀sà ti ń kún fún iyanrìn. Láti òkè odò wá sí ìsàlẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń dáko dé etí omi. Bí òjò bá rọ̀, erùpẹ̀ oko á wọ́ lọ sínú odò; odò kò jìn mọ́, bèbè ń ya, ẹja ń sá. Ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti àjọ kan láti òkè òkun ti fẹnu kò láti jọ ná owó sí i. Àwọn abúlé kò ní mú owó wá. Ilẹ̀ ni ìpín tiwọn: kí wọ́n fi etí odò sílẹ̀, kí igi hù níbẹ̀, kí gbòǹgbò di ilẹ̀ mú. Ẹni tó bá fi oko rẹ̀ sílẹ̀, àwọn yóò la oko mìíràn fún un ní ilẹ̀ òkè kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, wọn yóò gbẹ́ kànga síbẹ̀, wọn yóò sì gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi lé e lórí, kí oko náà má baà gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Dàgbó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí n máa túmọ̀ ọ̀rọ̀, kí ó lè ráyè ronú. Nígbà tí mo túmọ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ ló dá obìnrin náà lóhùn ní Yorùbá.

"Àjọ lẹ fẹ́ dá."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "A lè pè é bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Ta ni alájọ?"

"Ọ́fíìsì tiwa ni, sà."

"Ta ló máa kọ́kọ́ dá tirẹ̀?"

Ó wo àwọn tó tẹ̀lé e wá. "Gbogbo wa la jọ máa dá a, Bàbá."

Dàgbó yí padà sí mi, ó fi Ègùn sọ̀rọ̀. "Àjọ tí gbogbo èèyàn bá ń wo ojú ara wọn kì í bẹ̀rẹ̀. Sọ fún un pé kò burú. Àwa la máa kọ́kọ́ na ọwọ́."

Mo sọ ọ́ bí ó ṣe wí gẹ́lẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀lé obìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ ò bá wá bá wa ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì."

"Ṣé àwọ̀n tó ya wà níbẹ̀?"

"Ó pọ̀ jaburata, Bàbá."

"Ẹ kó o wá."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ dáadáa ni àárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo ti ronú nípa ìdí tí Dàgbó fi yára gbà. Àwọn kan lábúlé sọ pé obìnrin náà pọ́n ọn lé ni, pé ìkúnlẹ̀ yẹn ló rà á. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti ń wo odò yẹn láti ìgbà ọmọdé. Ó máa ń sọ pé nígbà tí òun gbé ìyá bàbá mi níyàwó, ọkọ̀ tó kó ẹrù ìyàwó wá gba odò náà wọlé, àjẹ̀ kò sì kan ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà, mo máa ń fi ẹsẹ̀ la odò kan náà kọjá lọ sí ilé ẹ̀kọ́, omi kì í dé orókún mi. Ohun tó fi ojú rẹ̀ rí tí ó ń kú lọ ni ẹnì kan wá sọ pé àwọn fẹ́ wò sàn. Mo rò pé ìdí náà kò ju ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n oko etí odò náà, ìyá mi ló ń dá a.

Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ẹbí ìyá mi wá láti Morogbo pé kí ó máa bọ̀ nílé. Dàgbó kò bá wọn jiyàn. Ó mú ìyá mi lọ sétí odò, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti ìdí igi ọ̀pẹ kan dé ìdí ọ̀pẹ kejì, ó ní, "Ìyàwó ọmọ mi kì í ṣe àlejò. Ibi tí mo rìn yìí, tìrẹ ni." Ìyá mi kò lọ mọ́. Ó gbin tẹ̀tẹ̀, ó gbin ṣọkọ, ilá àti ata. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oko gbogbo ènìyàn bá ti gbẹ, tirẹ̀ á ṣì tutù, nítorí omi kò jìnnà sí gbòǹgbò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ̀fọ́ máa ń wọ́n. Ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi rán mi lọ sí yunifásítì.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo bá a ní ilé ìdáná, ó ń ṣa ewé tó ti pọ́n kúrò lára ẹ̀fọ́ ọjọ́ kejì.

"Ilẹ̀ òkè wà lẹ́nu wọn," ó ní. "Tèmi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

Mo ní, "Màmá, wọ́n ní kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé ni."

"Ẹ̀ẹ̀rùn wo?"

Mo ronú padà sí gbogbo ohun tí obìnrin náà sọ. Kò sọ ẹ̀ẹ̀rùn èwo. N kò dáhùn. Ìyá mi gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì náà nìyẹn," ó ní. "Ẹ mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́." Nígbà tó ṣe díẹ̀ ó ní, "Bàbá ló fún mi. Bí Bàbá bá fẹ́ yá a padà lò, èmi kọ́ ni màá dúró sẹ́nu ọ̀nà."

Bí wọ́n ṣe gba oko náà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ariwo kankan.

Nígbà tí obìnrin ìjọba náà padà wá, wọ́n gbé pátákó irin kan dání tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má dáko níbẹ̀. Dàgbó wo pátákó náà síwá sẹ́yìn.

"Èyí tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀bá títì níjelòó, ẹnì kan ti fi ṣe ilẹ̀kùn ilé adìyẹ."

"Kí wá ni ká ṣe, Bàbá?"

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ààlè lé e. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá fẹ́ kí ilẹ̀ tàbí apá kan omi sinmi, màrìwò tútù ni a máa ń so sí i. Ẹni tó bá rí i kò ní bèèrè ọ̀rọ̀, á yà. Kì í ṣe ẹbọ. Alàgbà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Dàgbó, pásítọ̀ wọn pàápàá ti bẹ̀ ẹ́ rí kí ó fi ààlè lé igi ọsàn ìjọ. Àdéhùn ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀ ni pé ọwọ́ méjì ló ń so ó: ọwọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ àti ọwọ́ ẹni tó bẹ̀ ẹ́ pé kí ilẹ̀ sinmi. Ẹni kọ̀ọ̀kan á so etí okùn kan. Nígbà tí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ so ó bá parí, àwọn méjèèjì á padà wá, ẹni tó bẹ̀bẹ̀ á sọ pé ó ti parí, wọn á sì tú u. Bí ọ̀kan kò bá sí mọ́, ẹni tó bá jókòó sí ipò rẹ̀ ni yóò wá.

Dàgbó ṣàlàyé gbogbo èyí fún un. Mo wà níbẹ̀, mo túmọ̀ ibi tó yẹ kí n túmọ̀. Obìnrin náà tẹ́tí, ó mi orí, ó sì gba etí okùn ìko tí a fi so màrìwò. Ó so tirẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ apá ìwọ̀ oòrùn, Dàgbó so tirẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ apá ìlà oòrùn, màrìwò sì ń mì láàárín. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n dúró, ó ya fọ́tò wọn. Méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. N kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn obìnrin náà nígbà yẹn. Bóyá ó kà á sí àdéhùn. Bóyá ó kà á sí àṣà tó dára nínú fọ́tò.

"Ó di ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí," ni Dàgbó wí.

"Ó di ọjọ́ náà, Bàbá," ni òun náà wí.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. A kò rí ẹni tó wá la ilẹ̀ òkè. Ìyá mi fúnra rẹ̀ gé igbó díẹ̀ níbẹ̀, ó gbin ẹ̀fọ́ sí i, ó ń ru omi gun òkè lọ láti odò ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀fọ́ náà hù, ó pọ́n, ó kú. Lẹ́yìn ìyẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Gbaji láti ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń dáko lápá ibẹ̀, kí ó lè kó o fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń wá rà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó wá ń dúró lórí ìlà kí wọ́n tó tà fún un. Àwọn obìnrin ibẹ̀ mọ̀ ọ́n.

"Ìyàwó ìjọba," ni wọ́n ń pè é. "Ṣé ọkọ yín ò fún yín lówó oúnjẹ ni?"

"Ó rìnrìn àjò," ni ìyá mi máa ń dá wọn lóhùn. "Bí ẹ bá rí i lọ́nà, ẹ ní ọmọ ń sunkún."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀lé e lọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì rí ojú rẹ̀ nígbà tó gbé ẹrù náà lérí tó sì kẹ̀yìn sí wọn. N kò bá a lọ mọ́.

Nígbà tí èrè ẹ̀fọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò gbé e, ó ń lọ sí Ajido láti bá àwọn tó ń yan ẹja ṣiṣẹ́. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Etí odò ní tirẹ̀ ń gbádùn. Ó yẹ kí n kọ èyí náà sílẹ̀, nítorí òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó kọjá ààlè Dàgbó. Koríko ga, igi kéékèèké yọ láàárín rẹ̀, àwọn igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò wọn máa ń dúró nínú omi bí ẹsẹ̀ akàn sì tún hù níbi tí mo ti gbàgbé pé wọ́n wà rí. Bèbè ibẹ̀ kò ya mọ́ nígbà òjò. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń dẹ ìgèrè nítòsí sọ pé edé ti ń padà. Kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n, nítorí náà n kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Akàn nìkan ni mo fi ojú ara mi rí, wọ́n pọ̀.

Ilẹ̀ òkè kò yí padà. Ẹ̀ẹ̀rùn kejì dé bá a bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àwọn ọ́fíìsì. N kò lọ jà. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí nǹkan dúró sí. Ní ọ́fíìsì àkọ́kọ́, wọ́n sọ fún mi pé obìnrin náà ti lọ sí ẹ̀ka mìíràn, pé kò sì tíì sí ẹni tó wà ní ipò rẹ̀. Owó tiwọn ti wà nínú ètò, wọ́n ní, ṣùgbọ́n òfin àjọṣe náà ni pé wọn kò lè mú un jáde títí apá kejì yóò fi mú tirẹ̀ wá. Ní ọ̀dọ̀ apá kejì, wọ́n ní àwọn ti ṣetán, apá kẹta ni àwọn ń dúró dè. Ọ̀kan níbẹ̀ ṣàánú mi, ó jẹ́ kí n bá ẹni tó ń ṣojú àjọ òkè òkun sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní bí àwọn ìjọba bá ti mú tiwọn wá lónìí, tiwọn yóò dé lọ́la.

Mo jókòó sórí àga onípákó kan ní ìta ọ́fíìsì náà, mo gbìyànjú láti mọ ẹni tó ń parọ́. N kò rí i. Ohun tí gbogbo wọn sọ lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ló dùn mí jù. Bí ẹnì kan bá jí owó, mo lè bínú sí i, mo sì lè padà sílé pẹ̀lú ìbínú yẹn bí ẹni tó mú ẹja wálé. Gbogbo wọn ń wo ojú ara wọn. Nínú gbogbo àwọn tó ní àwọn yóò dá àjọ náà, ìyá mi nìkan ló ti dá tirẹ̀.

Kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ṣì wà lára ògiri lókè orí àga yẹn. Fọ́tò Dàgbó àti obìnrin náà ló wà lórí rẹ̀, wọ́n di okùn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọn kò kọ orúkọ Dàgbó síbẹ̀. "Àgbà àdúgbò" ni wọ́n pè é. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ ohun tí mo gbọ́, ìyá mi fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ kúnlẹ̀ níwájú Dàgbó. Yorùbá ló fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u. Ẹ fi apá kan sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ fún mi ní apá kan."

Dàgbó kò gbé ojú kúrò lára àwọ̀n tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Bí mo bá tú u ní èmi nìkan, èmi ni mo já a."

"Àwọn ni wọ́n ti já a, Bàbá."

"Wọn ò tíì wá sọ bẹ́ẹ̀."

"Ebi ò mọ ààlè, Bàbá."

Dàgbó tún so kókó kan mọ́ àwọ̀n náà. Ìyá mi dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ojú omi Dàgbó kò sí létí omi. Ó ti pẹ́ tó ti fi ẹja pípa sílẹ̀. Àwọ̀n tó ń tún ṣe, ti àwọn ẹlòmíràn ni. Nígbà tó padà dé, ó gbé ẹja obokún méjì àti ẹ̀pìyà mélòó kan kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ìyá mi. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láti ọjọ́ náà lọ. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ kí ó má lọ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní omi ló mọ òun jù wá lọ.

Òjò bẹ̀rẹ̀, ó ṣì ń lọ. Nígbà tó yá ikọ́ mú un. Àwọn ènìyàn sọ pé omi ló fà á, àwọn mìíràn sọ pé ìbànújẹ́ ni. N kò lè fara mọ́ ọ̀kankan. Dókítà ní Àgbádárìgì sọ pé òtútù àyà ni, pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì ràn án lọ́wọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹni tó ti fi omi sílẹ̀ padà sórí omi, mo sì mọ ìdí tó fi padà.

Ó ti ń dùbúlẹ̀ lórí ẹní nígbà tí mo rí nọ́ńbà obìnrin ìjọba náà gbà. Mo pè é. Mo ní ẹnì kan ni mo ń wá tó lè wá sọ pé iṣẹ́ náà ti parí, kí ìyá mi lè rí oko rẹ̀ gbà.

"Kò sí ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Bí a bá sọ pé ó parí, àwọn tó kù á kó owó tiwọn lọ. Bí ó ṣe wà yìí, ó ṣì wà."

"Ibo ló wà, Mà?"

Ó ní kí n bá òun kí Bàbá, ó sì pa fóònù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé, ó wá. Kò gbé mọ́tò ìjọba. Ọ̀kadà ló gbé e láti ojú títì, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kún fún iyanrìn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Dàgbó bí ó ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ jẹ́ ká lọ tú u."

Dàgbó wò ó pẹ́. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ṣé iṣẹ́ náà ti parí?"

Mo wo obìnrin náà. Ìyá mi náà ń wò ó. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ kan péré ni.

"Kò tíì bẹ̀rẹ̀, Bàbá," ó ní, omijé sì wà lójú rẹ̀.

"Ta ló rán ọ wá?"

"Èmi ni mo rán ara mi."

Dàgbó mi orí. Kò bínú. "Ọjọ́ tá a so ó, ìjọba ló rán ọ. Ọwọ́ ìjọba lo fi so ó, ọmọ mi. Tìrẹ ò lè tú u." Ó wúkọ́, ó sinmi. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìyá mi wà, ó sì sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, èyí tí kì í sábà bá a sọ. "Máa bínú sí mi. Ó tọ́ sí ọ."

Ìyá mi wọlé, ó tún aṣọ tó bò ó ṣe, ó sì tún jáde.

Mo mú obìnrin náà dé etí odò kí ó tó lọ. Ó dúró níwájú màrìwò tó ti gbẹ, ó ń wo igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Bí a ṣe yàwòrán rẹ̀ sínú ìwé ètò nìyí," ó ní. "Bí a ṣe yà á gan-an." Ó fi ìka kan okùn ìko náà ní apá tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú u. Ọ̀kadà ti ń dúró dè é.

Dàgbó kú nínú òjò náà, ní ọ̀sán, nígbà tí ìyá mi ń fún un ní omi mu. A sin ín sí ẹ̀yìn ilé. Pásítọ̀ ka Bíbélì ní Ègùn. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹnikẹ́ni kò ráyè lọ sétí odò. Nígbà tí mo débẹ̀, okùn ti jẹrà, ó ti já, màrìwò ti ṣubú sínú ẹrẹ̀. Mo padà wá sọ fún ìyá mi. Mo ní kò sí ẹni tó tú u, òjò ló já a. Mo ní Dàgbó kò sí mọ́, òun ni ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Mo ní kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi bí ó bá gbé ọkọ́ lọ síbẹ̀ lọ́la. Mo to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó gbọ́ mi dé ìparí.

"O ti sọ̀rọ̀ dáadáa," ó ní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú àdá, ó gba ọ̀nà odò lọ. Inú mi dùn, bí inú ṣe lè dùn nílé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀. Mo rò pé igbó ló fẹ́ gé. Ó padà kí oòrùn tó mú, ó fọ àdá, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó sì bá ọ̀nà Ajido lọ sídìí ẹja yíyan.

Mo lọ wo etí odò náà. Kò gé igbó kankan. Màrìwò tuntun wà lára ọ̀pẹ apá ìlà oòrùn, èyí tí Dàgbó so okùn tirẹ̀ mọ́ nígbà àkọ́kọ́. Mo fi ọwọ́ kàn án. Ó tutù, omi ọ̀pẹ ṣì wà níbi tí àdá ti gé e. Ọ̀já aṣọ ni wọ́n fi so ó, mo sì mọ aṣọ náà: ìró búlúù tí ìyá mi máa ń ró lọ sí oko ẹ̀fọ́. Ó ya á tẹ́ẹ́rẹ́, ó so wọ́n mọ́ ara wọn títí ó fi gùn dé ọ̀pẹ apá ìwọ̀ oòrùn.

Kò so etí kejì, tí í ṣe ti ìjọba, mọ́ ọ̀pẹ náà. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìdí rẹ̀, lórí koríko, ó sì fi òkúta kékeré kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.